Ìsàlẹ̀ ni Òtútù ti ń Wọlé

Lọ́dọọdún, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn lórí òkè Springer ní ìpínlẹ̀ Georgia, wọ́n á sì kọjú sí àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Appalachian ni wọ́n fẹ́ rìn. Ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 3,500, ó la ìpínlẹ̀ 14 kọjá, orí òkè Katahdin ní Maine ló sì parí sí. Benton MacKaye ló dá a lábàá lọ́dún 1921. Lọ́dún 1937 ni wọ́n là á tán. Ní 1948, Earl Shaffer rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ìrìn kan ṣoṣo, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ pé kò ṣeé ṣe.

Kálẹ́ńdà ló ń ti àwọn arìnrìn-àjò yìí sínú òtútù. Ìrìn náà máa ń gbà tó oṣù márùn-ún sí méje. Ọgbà ìjọba tí òkè Katahdin wà nínú rẹ̀, Baxter State Park, kì í gba ẹni tó fẹ́ sùn síbẹ̀ mọ́ bí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì, àfi kó gbéra nígbà tí òtútù kò tíì kúrò nílẹ̀ ní gúúsù. Gúúsù náà kì í sì í ṣe ilẹ̀ ooru bí ẹni tí kò débẹ̀ rí ṣe lè rò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀nà náà á ti gun òkè Kuwohi, tí wọ́n ń pè ní Clingmans Dome títí di 2024, ní ààlà North Carolina àti Tennessee. Òkè yìí ga tó mítà 2,025, kò sì sí ibi tó ga jù ú lọ lójú ọ̀nà náà láti Georgia títí dé Maine. Yìnyín ń bọ́ níbẹ̀ ní oṣù kẹta, àní ní oṣù kẹrin pàápàá.

Nínú àwọn tó ń rìn ín, àwọn kan wà tí kì í gbé àgọ́ dání. Igi méjì ni wọ́n ń wá bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Wọ́n á so aṣọ náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́ kan mọ́ igi méjèèjì, wọ́n á ta tapólì sókè rẹ̀ nítorí òjò, wọ́n á sì sùn láàárín aṣọ àti tapólì láìfi ara kan ilẹ̀. Ibùsùn àsorọ̀ nìyẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ń pè ní háámọ̀kì. Ní apá ọ̀dọ̀ tiwa, ohun ìrìnnà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ju ibùsùn lọ: nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán Richard Burton sí ọba Gẹlẹlẹ ti Dahomey ní ìparí ọdún 1863, inú irú rẹ̀ ló wà tí àwọn aláàárù fi gbé e dé Abomey.

Ìdí tí àwọn arìnrìn-àjò fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Igbó ni apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, igi pọ̀ níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ilẹ̀ gan-an ni ìṣòro: òkúta ni, gbòǹgbò ni, ibi tí kò bá dagun, omi á dúró síbẹ̀. Ẹni tó so ibùsùn rẹ̀ rọ̀ kò ní ìjà kankan pẹ̀lú òkúta. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, àgbàrá á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn tó ti ru ẹrù kìlógíráàmù mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ látàárọ̀ á sinmi dáadáa.

Àmọ́ lóru àkọ́kọ́ tí òtútù bá mú gidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fojú ba oorun.

Ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu ni ibi tí òtútù náà ti ń wá. Orí wọn gbóná, àyà wọn gbóná, àpò ìsùn tó nípọn wà lára wọn, síbẹ̀ ẹ̀yìn, ìdí àti èjìká ń tutù bí ẹni pé wọ́n sùn sórí omi. Wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì kún ṣẹ́ẹ̀tì, kò ní ràn án. Wọ́n á yí sọ́tùn-ún, yí sósì, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n bá sì fi sílẹ̀ náà á tutù. Nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́ta òru, eyín á máa pa keke.

Ara ènìyàn tó ń sùn ń mú ooru jáde, nǹkan bíi wáàtì 70 sí 80. Kò sí aṣọ ìbora tó ń dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kúbùsù ń ṣe ni láti há afẹ́fẹ́ mọ́ kó má lè rìn, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá dúró jẹ́ẹ́ kì í gbé ooru kọjá kíákíá. Omi ń gbé ooru lọ ní ìwọ̀n ìlọ́po 25 ju irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí aṣọ tútù fi burú ju aṣọ fẹ́lẹ́ lọ. Ẹlẹ́kọ tó ń kiri láàárọ̀ mọ ọ̀rọ̀ yìí láìka ìwé: ó á fi aṣọ tó nípọn tẹ́ inú agbọ̀n kó tó to ẹ̀kọ sí i, lẹ́yìn náà ni á wá fi òmíràn bo orí rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ìsàlẹ̀, kò sí bó ṣe lè bo òkè tó tí ẹ̀kọ abẹ́ kò fi ní tutù.

Àpò ìsùn tó nípọn tó ìbú ọwọ́ kan ń dáàbò bo ènìyàn lókè nítorí pé kò sí ohun tó tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Lábẹ́, ìwúwo ẹni tó ń sùn ti fún gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó ti pẹlẹbẹ bí ìwé. Ohun tó kù láàárín awọ ara àti òde kò ju aṣọ fẹ́lẹ́ mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ pàápàá tutù lábẹ́ ẹni tó sùn nínú àgọ́, lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ kì í rìn. Afẹ́fẹ́ abẹ́ ibùsùn àsorọ̀ ń rìn láti alẹ́ mọ́jú. Bí ara ṣe ń mú díẹ̀ nínú rẹ̀ gbóná ni atẹ́gùn ń gbé e lọ, tí tútù mìíràn sì ń rọ́pò rẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn tó ti pẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí fi máa ń kìlọ̀ pé bí òru bá ti tutù ju ìwọ̀n Celsius 21 lọ, ó yẹ kí nǹkan wà lábẹ́ ẹni tó sùn. Kí ẹni tó ń kàwé ní ilé ro ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: òru ọyẹ́ ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀ṣogbo máa ń dé ìwọ̀n 21. Kò dìgbà tí yìnyín bá bọ́. Òru tí ẹni tó wà lórí ẹní nínú yàrá máa fi ìró kan sùn wọra lè lé ẹni tó rọ̀ sáàárín igi méjì dìde.

Àwọn tó kọ́kọ́ ń sùn nínú ibùsùn àsorọ̀ ti rí ìdáhùn sí èyí tipẹ́. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ erékùṣù Karibíà àti ti gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ni ín. Columbus kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 1492, ní erékùṣù kan lára àwọn Bahamas, pé ibùsùn àwọn ará ibẹ̀ dà bí àwọ̀n tí wọ́n fi òwú hun. Ẹ̀rí tó ṣe kókó jù fún ọ̀rọ̀ wa wà nínú lẹ́tà tí Pero Vaz de Caminha kọ sí ọba Pọ́túgà láti etíkun Brazil ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún ọdún 1500. Ó ròyìn ilé gígùn tí kò ní yàrá nínú, tó kún fún òpó. Láti òpó dé òpó ni àwọn ènìyàn so àwọ̀n tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀, wọ́n sì ń dá iná sábẹ́ rẹ̀ láti fi yá ara wọn.

Iná sábẹ́. Ilẹ̀ olóoru ni Brazil níbi tí Caminha wà yẹn, síbẹ̀ àwọn tó mọ ibùsùn yìí láti kékeré kì í sùn sínú rẹ̀ láìfi nǹkan tó gbóná sí ìsàlẹ̀. Ó tọ́ kí a fún wọn ní ìyìn tó tọ́ sí wọn: gbogbo ohun tí àwọn oníṣòwò ń tà lónìí fún iṣẹ́ yìí, ìdáhùn sí ìbéèrè tí wọ́n ti dáhùn tipẹ́tipẹ́ ni.

Àwọn atukọ̀ òyìnbó gba ibùsùn náà lọ́wọ́ wọn láìgba iná mọ́ ọn, nítorí iná àti ọkọ̀ onígi kì í gbé pọ̀. Lọ́dún 1597 ni àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á wọlé fún ìlò. Aṣọ kánfáàsì ni tiwọn, wọ́n ń tẹ́ tìmùtìmù tínrín sínú rẹ̀, ìwọ̀n íǹṣì 14 ni wọ́n sì ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti so tirẹ̀ rọ̀. Ìyẹn kò tó ìbú èjìká. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin tó há mọ́ra lábẹ́ pẹpẹ ọkọ̀ ń fi ooru ara wọn yá ara wọn, kò sì sí atẹ́gùn òkè tó ń kọjá lábẹ́ wọn. Ẹni tó dá sùn nínú igbó North Carolina kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Kì í sì í ṣe ibi gbogbo lójú ọ̀nà ni ènìyàn ti lè dáná. Bó tilẹ̀ lè dá a, iná lábẹ́ náílọ́ọ̀nù ìgbàlódé ti di ọ̀nà ikú, nítorí náílọ́ọ̀nù kì í jó díẹ̀díẹ̀ bí òwú, ńṣe ló ń yọ́. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò iná ni kúbùsù abẹ́.

Kúbùsù abẹ́ kì í wọnú ibùsùn rárá. Ìta ló wà, lábẹ́ aṣọ tí ènìyàn sùn lé, okùn rọ́bà ló sì so ó mọ́ orí àti ẹsẹ̀ ibùsùn náà. Ẹni tó ń sùn kò tẹ̀ ẹ́, nítorí náà afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wà ní pípé. Gbogbo ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ohun kan náà tó wà nínú àpò ìsùn ló wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé e sí ló yàtọ̀. Èyí tó gùn tó ara, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 200, tó sì lè kojú òtútù tó dé ìwọ̀n 7 sísàlẹ̀ òdo, kì í sábà wúwo ju gíráàmù 700 lọ bí ó bá jẹ́ ìhùùhù ló wà nínú rẹ̀. Kúkúrú tún wà, tó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká dé orúnkún, fún àwọn tó ń ka gíráàmù. Àwọn yìí máa ń fi ẹ̀wù tí wọn kò wọ̀ tàbí ègé fóòmù kan sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ìhùùhù pẹ́pẹ́yẹ tàbí ti gúùsì, ẹyẹ odò tó dà bí pẹ́pẹ́yẹ ńlá, ni wọ́n ń lò jù. Kì í ṣe ìyẹ́ tó ní igi láàárín ni, bí kò ṣe èyí tó rọ̀ tó dà bí èérún òwú, tó wà lábẹ́ ìyẹ́ ní àyà ẹyẹ náà. Wọ́n ń dá agbára rẹ̀ mọ̀ nípa bó ṣe ń wú tó. Nọ́ńbà 800 tí àwọn oníṣòwò ń kọ sára rẹ̀ túmọ̀ sí pé gíráàmù 28 péré lè wú débi tó máa kún àyè lítà 13. Èyí tí ènìyàn fi ẹ̀rọ ṣe wúwo jù ú lọ fún ìwọ̀n ooru kan náà, kì í sì í ṣeé ká mọ́ra tó o. Ṣùgbọ́n bí omi bá kàn án, kò ní rún mọ́ra bí ìhùùhù, á sì tètè gbẹ. Fún ẹni tó máa rìn nínú òjò Appalachian fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹni tó bá fọwọ́ kan kúbùsù tí wọ́n rán dáadáa á rí i pé aṣọ ìta rẹ̀ fẹ̀ ju ti inú lọ. Ìdí wà fún un. Ibùsùn náà rọ̀, ó ní ikùn. Bí aṣọ méjèèjì bá gùn bákan náà, ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ mọ́ ikùn yẹn, ti ìta á fà, á sì tẹ ìhùùhù tó wà láàárín pa. Bí ti ìta bá fẹ̀ jù, àyè á wà fún ìhùùhù láti wú. Wọ́n tún ń fi aṣọ fẹ́lẹ́ pín inú rẹ̀ sí yàrá gbọọrọ gbọọrọ kí ìhùùhù má baà ṣàn lọ sí ibì kan ṣoṣo, tí ibòmíràn á fi ṣófo.

Síso rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí kúbùsù olówó gọbọi tí wọ́n so burúkú kò sàn ju kí ènìyàn má so ó lọ. Àlàfo kò gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ikùn ibùsùn. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù á wọlé láti etí, á yí po, á jáde, gbogbo ìhùùhù inú rẹ̀ á sì máa ṣọ́ ibi tí kò sí ènìyàn. Bí ó bá tún fún jù, okùn rọ́bà á fà á mọ́ ẹ̀yìn ẹni náà, á sì di pẹlẹbẹ, ìyẹn ohun náà gan-an tí wọ́n gbé e jáde nínú ibùsùn láti yẹra fún. Kó fara kàn án láìfún un: ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Bí ẹni méjì bá jọ ń rìn, ọ̀nà tó yá jù ni pé kí ọ̀kan wọlé, kó sùn bó ṣe máa sùn mọ́jú, kí èkejì wá ti ọwọ́ bọ àárín kúbùsù àti ibùsùn láti ẹ̀gbẹ́. Ọwọ́ tó bá rí ihò ti rí ibi tí òtútù máa gbà. Ẹni tó dá wà á sùn sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, á sì fetí sí ara rẹ̀. Òtútù kì í mú gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èjìká bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kúbùsù ti sún sísàlẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ìdí, ó ti lọ sílẹ̀, kí wọ́n fa okùn rẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé atẹ́gùn ń wọlé láti orí tàbí láti ẹsẹ̀, okùn kékeré kan wà ní etí méjèèjì tí wọ́n ń fà láti fi pa ẹnu rẹ̀ pọ̀.

Bí ènìyàn ṣe sùn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lò kì í sùn gbọọrọ láti orí ibùsùn dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ṣe ń tẹ̀ kọdọrọ. Ìbú ni wọ́n ń gbà, orí sí apá kan, ẹsẹ̀ sí apá kejì, ara á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ará Brazil àti Mexico tó ń sùn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ kò sùn lọ́nà mìíràn. Àmọ́ bí ara bá dábùú, ìrísí ikùn ibùsùn á yí padà, kúbùsù tí wọ́n so sí àárín gbùngbùn lè fi èjìká kan sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń na okùn kan láti orí ibùsùn dé ẹsẹ̀ rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ti aṣọ náà. Fún aṣọ tó gùn ní mítà 3.35, okùn náà á tó mítà 2.78. Pẹ̀lú rẹ̀, bí igi méjì ṣe jìnnà síra tó kò ṣe nǹkan mọ́. Ikùn ibùsùn á rọ̀ bákan náà lálaalẹ́, kúbùsù tí wọ́n so rẹ́gí lánàá á sì bá a mu lónìí.

Nọ́ńbà òtútù tí wọ́n kọ sára ọjà ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Àpò ìsùn ní òdiwọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀: òfin ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 13537 ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni ISO 23537 rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2016. Wọ́n ń wọ àpò náà fún ère ènìyàn kan tí wọ́n ń mú gbóná, wọ́n á sì wọn bí ooru ṣe ń kúrò lára rẹ̀ nínú yàrá tútù. Ohun tí ẹni tó ń rajà kì í mọ̀ ni pé orí ẹní ni ère náà ń dùbúlẹ̀ sí. Nọ́ńbà tó jáde níbẹ̀ kan àpò àti ẹní pọ̀. Ẹni tó bá gbé àpò yẹn sínú ibùsùn àsorọ̀ láìsí nǹkan lábẹ́ rẹ̀ ti fi ìdajì ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀ nílé. Kúbùsù abẹ́ kò sì sí lábẹ́ òdiwọ̀n yìí rárá. Ìrírí ẹni tó rán an ni nọ́ńbà ara rẹ̀ ti wá. Ìmọ̀ràn tó dára ni pé kí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba òtútù ra èyí tó fi ìwọ̀n bíi márùn-ún lágbára ju òtútù tó ń retí lọ.

Kì í ṣe kúbùsù abẹ́ nìkan ni ọgbọ́n tí wọ́n ti dá. Ed Speer, ará North Carolina tó kọ ìwé kan nípa sísùn nínú ibùsùn àsorọ̀ lọ́dún 2003, rán àpò kan tó gba gbogbo ibùsùn náà sínú bí ẹ̀pà ṣe wà nínú èèpo. Ilé iṣẹ́ Hennessy ní Kánádà rán aṣọ kejì sábẹ́ tiwọn, fóòmù tínrín sì ń wà láàárín aṣọ méjèèjì. Jacks 'R' Better ní Virginia wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń rán kúbùsù abẹ́ fún títà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Fóòmù pẹlẹbẹ lásán tí wọ́n ń tẹ́ sínú ibùsùn ló rọjú jù nínú gbogbo wọn. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ kúrò lábẹ́ ènìyàn lóru, kì í fẹ̀ tó èjìká, òógùn sì ń dúró lórí rẹ̀. Àǹfààní kan wà tí kò ṣeé gbójú fò: ní ọgbà Great Smoky Mountains, òfin ni pé kí ẹni tó ń rin ọ̀nà náà jálẹ̀ sùn sínú ahéré tí ìjọba kọ́ bí àyè bá wà. Orí pákó ni ibẹ̀, kúbùsù abẹ́ kò sì lè ran ẹni tó sùn sórí pákó lọ́wọ́, nítorí ara á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ń gbé fóòmù kékeré kan mọ́ra nítorí ìyẹn.

Owó ni ìdènà tó tóbi jù. Kúbùsù abẹ́ oníhùùhù tí wọ́n fọwọ́ rán lè jẹ́ dọ́là 200 sí 300, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó o ti ń rán tiwọn. Wọ́n ń mú kúbùsù fífúyẹ́ tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò láti ìgbà ogun Vietnam, wọ́n á ran ojú okùn sí etí rẹ̀, wọ́n á ki okùn rọ́bà bọ̀ ọ́, ó ti di kúbùsù abẹ́ fún òru tí òtútù rẹ̀ kò le jù. Àwọn mìíràn ń ra kúbùsù ìhùùhù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún orí àga ní ilé ìtajà ńláńlá. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ méjì ni fún ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ dì mú.

Ẹni tí owó rẹ̀ bá mọ níwọ̀n, ìsàlẹ̀ ni kó kọ́kọ́ ná an sí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe òdìkejì: wọ́n á ra àpò ìsùn tó dára jù lọ́jà, wọ́n á ní ti abẹ́ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Kúbùsù ilé méjì àti ṣẹ́ẹ̀tì onírun lè tó fún òkè, nítorí pé ènìyàn lè fi ohunkóhun kún òkè. Kò sí ohun tó lè fi kún ìsàlẹ̀ láàárín òru.

Lẹ́yìn kúbùsù, tapólì ló kàn. Atẹ́gùn tó bá ń fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ń fún ooru jáde kúrò nínú kúbùsù tó dára jù lọ, nítorí náà ẹni tó mọ òkè máa ń fa tapólì sísàlẹ̀ ní apá tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, títí tí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ibi tó so ibùsùn sí náà ṣe pàtàkì. Àfonífojì létí odò dára lójú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀ lóru, ìrì á sì rọ̀ sára gbogbo nǹkan. Téńté òkè náà kò dára, atẹ́gùn ló ni ibẹ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè láàárín méjèèjì, tí igi ṣíji bò, ni ibi ìsùn.

Ara fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa sun. Oúnjẹ ọlọ́ràá kí ilẹ̀ tó ṣú, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ tí wọn kò fi rìn rí, ìgò omi gbígbóná tí wọ́n dé dáadáa tí wọ́n sì fi sáàárín itan méjì níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ti sún mọ́ awọ: kò sí olùkọ́ tí kì í dárúkọ wọn. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fa kúbùsù bo orí kó sì máa mí sínú rẹ̀. Èémí kún fún omi. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ìhùùhù á ti máa rún. Kí wọ́n fi fìlà onírun bo orí, kí imú wà níta.

Òtútù yìí lè pa ènìyàn. Bí ooru inú ara bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 35, ọpọlọ kì í ronú geere mọ́, ẹni náà lè má mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Bó bá ti gbọ̀n títí tí gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ara rẹ̀ yá, ewu ti dé. Ẹni tí òtútù lé dìde lóru kò gbọ́dọ̀ fi ìtìjú dákẹ́ nínú ibùsùn rẹ̀. Kó dìde, kó wọ aṣọ, kó jẹun, kó rìn, bó bá sì ṣeé ṣe kó jí ẹni tó wà nítòsí.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ibi tí ọgbọ́n náà lè gbé ènìyàn dé kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ rò. Shug Emery, ará Minnesota tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú fídíò, ń sùn nínú ibùsùn àsorọ̀ láàárín ìgbà yìnyín ìpínlẹ̀ rẹ̀, ní òru tó tutù ju ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo lọ. Inú fíríìsà ilé kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 18 sísàlẹ̀ òdo. Nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, àwọn kan ń so kúbùsù abẹ́ méjì léra, tapólì wọn sì ní ilẹ̀kùn ní orí àti ní ẹsẹ̀.

Lójú ọ̀nà Appalachian, kúbùsù tó nípọn kì í bá ènìyàn rìn jálẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù karùn-ún, tí wọ́n ti kọjá òkè Rogers ní Virginia, ọ̀pọ̀ ń dì í sínú páálí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á sì fi èyí tó fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀ fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Glencliff, abúlé kékeré kan ní New Hampshire, ni wọ́n ti ń gbà á padà. Òkè White Mountains ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀, òkè Washington tó ga ní mítà 1,917 sì wà nínú wọn. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti wọn atẹ́gùn tó sáré tó kìlómítà 372 ní wákàtí kan, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1934. Igi kì í hù ní apá òkè pátápátá níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ibùsùn àsorọ̀ dání á ní láti ṣírò ìrìn ọjọ́ náà kó lè sọ̀ kalẹ̀ padà wọ inú igbó kí oòrùn tó wọ̀, níbi tó ti lè rí igi méjì tó lè gbé e ró.